Ohùn Olórin Rọ́ọ̀kì Lọ́jọ́ Alẹ́: Kí Ni Ọjọ́ Orí Ṣe, Kí Ni Ìlò Ṣe?

Àwọn tó gbé ètò yìí kalẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn tí olórin rọ́ọ̀kì fi ń sọ̀rọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́? Wọn ò bi mí nípa èyí tó fi ń kọrin o. Èyí tó fi ń kí èèyàn, tó fi ń pàṣẹ oúnjẹ, tó fi ń dáhùn nígbà tí oníròyìn bá nawọ́ maikirofóònù sí i, òun ni wọ́n ń bi mí.

Ọ̀rọ̀ náà lè jọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn létí wa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oníwàásù, olùkọ́, agbẹjọ́rò, alága ìdúró, olórin fújì, ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ, ohùn ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì kàn yàtọ̀ ní ti pé ẹ̀rọ ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ láti ìgbà èwe títí di ogbó, débi pé a lè gbé ohùn ẹni ọdún 17 síwájú, ká gbé ohùn ẹni náà ní ẹni ọdún 71 tì í, ká sì máa fi wéra.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ọjọ́ orí ń yí ohùn padà, kò sẹ́ni tó lè bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí ọjọ́ orí nìkan ń mú wá kì í pọ̀, kì í sì í kánjú. Bí ẹ bá rí ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń dún bí ẹni ọgọ́ta, ẹ má pe ọjọ́ orí lẹ́jọ́. Ìlò ni kẹ́ ẹ pè kó wá rojọ́.

Ibi tí ohùn ti ń wá

Èémí ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, ó ń gba kòmóòkun gòkè, ó sì ń bá tán-án-ná pàdé nínú gògóńgò. Tán-án-ná jẹ́ iṣan méjì tó kọjú síra wọn, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ti ọkùnrin tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ní gígùn, ti obìnrin kò tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń mí lásán, wọ́n á la ọ̀nà sílẹ̀ fún èémí. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á súnmọ́ra, èémí á máa gbọ̀n wọ́n, wọ́n á sì máa kanra. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń kanra ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin máa ń tó ìgbà 180 sí 220. Ìkanra yẹn ni etí wa ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀.

Ẹ fi gángan wò ó. Bí onílù bá fún ọ̀sán, awọ á le, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Tán-án-ná náà ń le, ó sì ń dẹ̀, ṣùgbọ́n ara ẹlẹ́mìí ni, kò dà bí awọ ewúrẹ́: ó lè wú, ó lè gbẹ, ó lè rù, ó sì lè dápàá bí ojú egbò.

Lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tó fojú rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni Manuel García, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní orin kíkọ ní London. Kì í ṣe dókítà. Ní 1854 ó ti dígí kékeré kan, irú èyí tí oníṣègùn eyín ń lò, bọ ọ̀fun ara rẹ̀, ó fi dígí mìíràn ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí i, ó sì rí tán-án-ná rẹ̀ bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ní 1855 wọ́n ka ìròyìn ohun tó rí fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń wo inú ọ̀fun olórin, tí wọ́n sì ń mọ ohun tó ń ṣe é.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ orí

Bí ara ṣe ń dàgbà, kerekere tó di gògóńgò mú á bẹ̀rẹ̀ sí í le bí eegun. Iṣan tán-án-ná á máa rù, àárín rẹ̀ á máa tẹ̀ wọnú, débi pé bí méjèèjì bá fẹ́ súnmọ́ra, àlàfo á ṣẹ́ kù láàárín wọn. Èémí á máa gba ibẹ̀ jò. Ìdí nìyí tí ohùn àgbàlagbà mìíràn fi máa ń tín-ín-rín, tí afẹ́fẹ́ á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀fóró náà ò lè ti èémí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, omi tó ń mú ọ̀fun tutù á sì dín kù. Ẹni tó ń fi èémí kan sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ́lẹ̀ á wá máa sinmi láàárín gbólóhùn kan.

Ọ̀nà tí ọkùnrin gbà ń rìn níbẹ̀ kọ́ ni obìnrin gbà. Ohùn ọkùnrin máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di àgbà, ṣùgbọ́n bó bá wọ ogbó tán, tán-án-ná rẹ̀ á rù, ohùn á sì tún máa gòkè. Obìnrin ní tirẹ̀, bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, họ́mónù inú ara rẹ̀ á yí padà, tán-án-ná á nípọn sí i, ohùn á wálẹ̀. Ìyẹn ni pé bí bàbá àti ìyá ṣe ń dàgbà, ohùn wọn ń bọ̀ wá súnmọ́ra.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ọjọ́ orí ló fà á, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn? A nílò ẹni tí kì í kígbe lórí ìtàgé, tí ẹ̀rọ sì ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Irú wọn wà. Alistair Cooke, oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò kan lórí BBC ní 1946, Letter from America. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ àfi ní oṣù Kẹta 2004, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 95. Inú oṣù kan náà ló kú. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì náà bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Kérésìmesì 1952, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é lọ́dọọdún títí ayé rẹ̀. Jonathan Harrington àti Ulrich Reubold, àwọn onímọ̀ ìró èdè ní Munich, kó irú àwọn ohùn wọ̀nyí jọ, wọ́n sì wọ̀n wọ́n. Ohùn Cooke rọra ń lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó wá di arúgbó kùjọ́kùjọ́ ó tún ń gòkè. Ti ọbabìnrin náà wálẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Kò sí èyí tó já lulẹ̀ lójijì nínú méjèèjì. Bí ọjọ́ orí ṣe ń rìn nìyẹn: ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Àwa tí èdè wa ń lo ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ láti fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àgbà ṣì ń yé wa. Ìdí ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni etí wa ń dì mú. Kò kàn án bóyá olúkúlùkù wọn ga tàbí kò ga.

Orin kan, ohùn mẹ́ta

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi olórin kan wò ó. A bí Marianne Faithfull ní London ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 1946. Iléèwé àwọn sísítà Kátólíìkì ní Reading ló lọ. Ní 1964, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 17, Andrew Loog Oldham tó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ Rolling Stones rí i níbi ayẹyẹ kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún un ní orin tí Mick Jagger àti Keith Richards tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kọ, "As Tears Go By". Ẹ bá mi tẹ́tí sí àwo ti 1964 yẹn. Ohùn náà ga, ó mọ́, ó ń gbọ̀n díẹ̀ níbi tó bá ti fẹ́ parí ìlà. Ọmọ iléèwé lẹ ó gbọ́. Orin náà sì rèé, ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ni, tó ń wo àwọn ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Orin àgbà ni, ẹnu ọmọdé ló ti jáde.

Láti 1966 títí di 1970 òun àti Jagger jọ ń fẹ́ra. Lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, nǹkan dojú rú fún obìnrin náà. Heróìnì wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó sì di ẹni tó ń sun ìta ní Soho, láàárín London. Sìgá wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, kokéènì wà níbẹ̀, àìsàn gògóńgò tó mú un gan-an náà tún wà níbẹ̀. Ní 1979 ó gbé àwo Broken English jáde. Àwọn tó mọ ohùn rẹ̀ àtijọ́ ò gbà pé òun ni. Ohùn ti já sísàlẹ̀, ó ti há, ó sì ti sán káàkiri. Ẹni ọdún 32 péré ni nígbà náà. Àwo yẹn ló mú kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn obìnrin olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Ní 1987, lẹ́yìn tó ti jáwọ́ nínú oògùn olóró, ó tún orin ìgbà èwe rẹ̀ yẹn kọ nínú àwo Strange Weather. Ẹni 40 ọdún ni. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta ní 2018 nínú àwo Negative Capability, nígbà tó di ẹni ọdún 71. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú kẹ́ ẹ gbọ́ wọn tẹ̀ léra. Láàárín ti 1964 àti ohùn tó jáde ní 1979, ọdún 15 ló wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ wọn sì dà bí ìyàtọ̀ ẹni méjì. Láàárín ti 1987 àti ti 2018, ọdún 31 ló kọjá. Ohùn ti 2018 rọ̀ sí i, èémí rẹ̀ kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni kan náà lẹ ó gbọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ọdún 31 ì bá ti ṣe ju ọdún 15 lọ. Kò ṣe tó o. Ẹ̀rí tó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí nìyẹn.

Kí ni èéfín ń ṣe níbẹ̀? Sìgá máa ń mú kí omi sun sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo tán-án-ná. Ó ń wú, ó ń wúwo, ohun tó bá sì wúwo kò lè gbọ̀n kíákíá. Ohùn á wálẹ̀. Ìdí nìyí tí obìnrin tó ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún fi lè gbé fóònù, kí ẹni tó wà lódìkejì máa pè é ní "Bàbá". Ọtí líle ń mú ọ̀fun gbẹ. Ẹni tí gògóńgò rẹ̀ bá wú nítorí àìsàn, tí kò sì dákẹ́, tó ń fi ipá gbé ohùn jáde, tán-án-ná rẹ̀ lè dápàá, ibi tó bá sì ti dápàá kò ní gbọ̀n dáadáa mọ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu Faithfull tó yẹ ká ṣàkíyèsí. Ohùn rẹ̀ ni ó yí padà. Bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kò yí. Nígbà tó fi di arúgbó, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ ilé ńlá tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn sísítà ló ṣì ń sọ, àfi pé láti inú ọ̀fun tó há ló ti ń jáde. Ìdàkejì ni ti Ọbabìnrin Elizabeth: ohùn tirẹ̀ ò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí Harrington fi hàn pé bó ṣe ń pe fáwẹ̀lì ti sún kúrò níbi tó wà ní àwọn ọdún 1950, ó ti ń súnmọ́ bí àwọn ará ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ti yí padà, ká kọ́kọ́ bi ara wa pé ohùn ni àbí pípè. Ara ló ń yí ohùn. Àwùjọ ló ń yí pípè.

Ní oṣù Kẹrin 2020, kòrónà gbé Faithfull dé ilé ìwòsàn ní London, ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni ọdún 73 ni, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ní àárẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jáde, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kóun má kọrin mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú olórin kan tó ń jẹ́ Warren Ellis kí àìsàn tó dé: kò kọrin rárá níbẹ̀, ewì àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Byron, Shelley àti Keats ló ń kà. Ó parí rẹ̀, ó sì jáde ní 2021, She Walks in Beauty. Ohùn ìsọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti ń pè ní ohùn tó bàjẹ́ ni ó gbé àwo yẹn dúró látòkèdélẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2025 ó kú ní London, ẹni ọdún 78.

Kí ló dé tó fi jẹ́ rọ́ọ̀kì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí olórin bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré kọrin ní ohùn tí tán-án-ná fi ń kanra ní ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkanra náà ti lé ní 500,000. Rọ́ọ̀kì kì í ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í sì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́. Ibi tí tán-án-ná ti ń kanra jù, awọ ibẹ̀ lè yi, kó so kókó. Olórin kan, Elton John, bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tó ń kọrin káàkiri Australia ní 1986. Ní oṣù Kìíní 1987 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Sydney, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, kò sì padà síbi tó wà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé orin nìkan ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ sísọ ń kó tirẹ̀ síbẹ̀. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ṣàkíyèsí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé bí ariwo bá ti pọ̀ níbi tí a wà, a ó gbé ohùn sókè láìmọ̀. Ẹ wá wo olórin rọ́ọ̀kì: ó ti kọrin fún wákàtí méjì, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ìtàgé, sípíkà ṣì ń dún, àlejò pọ̀, oníròyìn ń dúró. Wákàtí méjì mìíràn ló máa fi pariwo sọ̀rọ̀ lórí ọ̀fun tó ti rẹ̀. Ohun tó bá ojú náà ló bá imú: etí tí sípíkà ti ń dún sí fún ogún ọdún ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ á sì máa kígbe. Ní 2016 Brian Johnson tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ AC/DC ní láti kúrò lórí ìrìn àjò ẹgbẹ́ náà nítorí etí rẹ̀, kì í ṣe nítorí ọ̀fun.

Ẹ wá gbé Jagger ti Faithfull. Ọdún 1943 ni wọ́n bí i, òun àti Faithfull jọ wà nínú ayé kan náà ní àwọn ọdún 1960. Ó ti pé ẹni 80 ọdún nígbà tí Rolling Stones gbé àwo Hackney Diamonds jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò lónìí kò ní ṣì í mọ̀. Ó pẹ́ tó ti mú eré ìdárayá bí iṣẹ́, kó tó gun ìtàgé. Ọdún tó ti lò láyé pọ̀ ju ti Faithfull lọ, ohùn ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà sílé bíi ti obìnrin náà.

Ká má tan ara wa, o. Ẹni tó ṣọ́ra náà lè rí i. Jon Bon Jovi, olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n bí ní 1962, kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ́ oògùn olóró. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú tán-án-ná rẹ̀ rù, kò lè bá èkejì pàdé dáadáa mọ́. Ní 2022 ó ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi fi nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti tì í wá sáàárín, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì fi ń kọ́ ohùn náà padà. Mo mú un wá kí ẹ má baà rò pé ìwà rere ni ìwé àṣẹ ohùn tó máa pẹ́. Ìtọ́jú kì í lé ọjọ́ orí lọ. Ó ń mú kó jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan lẹ máa san gbèsè fún.

Ìkádìí

Ẹjọ́ tí mo dá rèé. Ọjọ́ orí ń rọra mú ohùn olórin rìn: ọkùnrin á wálẹ̀, á tún gòkè, obìnrin á wálẹ̀, èémí á kúrú fún tọkùnrin tobìnrin. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ariwo, èéfín, ọtí, oògùn olóró àti àìsinmi ló ń sọ ìrìn yẹn di eré sísá. Ohùn tó ti yí padà kì í sì í ṣe ohùn tó ti kú. Faithfull fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kó san iye tó san kó tó ní irú rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń fi ohùn jẹun. Ẹ̀yin olórin fújì tó ń ṣe òru mọ́jú, ẹ̀yin oníwàásù tó ń gbá sípíkà mọ́ etí ìjọ, ẹ̀yin tíṣà tó ń kígbe lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, ẹ máa mu omi, ẹ má mu sìgá. Bí ẹ bá ti parí iṣẹ́, ẹ dákẹ́, kí àlejò dúró dọ̀la. Ẹ jẹ́ kí maikirofóònù gbé ohùn, kí ọ̀fun yín má gbé e. Bí ohùn bá há, ẹ má fi orógbó àti oyin bò ó mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ sì máa kọrin lọ. Bó bá fi lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sàn, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá, ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ọ̀fun, ìyẹn sì ṣeé wò bí wọ́n bá tètè rí i. Ẹ lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kó wo ohun tí García fi dígí kékeré wò ní nǹkan bí ọdún 170 sẹ́yìn.